Ìdí tí iṣẹ́ Ààrẹ kan fi ń dúró lẹ́yìn rẹ̀, tí ti òmíràn fi ń bá a relé

Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2012, Ààrẹ Goodluck Jonathan kéde nínú ọ̀rọ̀ tó bá ará ìlú sọ pé Yunifásítì Èkó ti di Yunifásítì Moshood Abiola. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti dà sójú títì. Lónìí, UNILAG ni gbogbo ayé ṣì ń pè é. Ọdún mẹ́fà kọjá. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà 2018, Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde pé ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ni Nàìjíríà yóò máa fi ṣe Àyájọ́ Ìjọba Tiwa-n-tiwa, ní ìrántí ìbò 1993 tí wọ́n fagi lé mọ́ Abíọ́lá lọ́wọ́. Èyí fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tó gba ipò lọ́wọ́ Buhari náà ń ṣe é, ilé-ìwé ń tì, báńkì ń tì.

Ọkùnrin kan náà ni Ààrẹ méjèèjì fẹ́ yẹ́ sí. Kí ló wá dé tí ti ọ̀kan dúró, tí ti èkejì kò dúró? Kì í ṣe pé ọ̀kan gbajúmọ̀ ju èkejì lọ. Orúkọ Yunifásítì Èkó wà nínú òfin tó dá a sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu kì í sì í pa òfin rẹ́, kódà bó jẹ́ ẹnu Ààrẹ ló ti jáde. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ní ìwé ẹ̀rí tí orúkọ yẹn wà lórí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì bi wọ́n léèrè. Ní ti ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, Ilé Aṣòfin ṣe àtúnṣe sí Òfin Ọjọ́ Ìsinmi, Buhari sì buwọ́ lù ú ní oṣù kẹfà 2019, kí ọjọ́ náà fúnra rẹ̀ tó pé. Kò sí ẹgbẹ́ kankan tí ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, tí wọ́n fi ń ṣe àyájọ́ náà tẹ́lẹ̀, ń bọ́, tí yóò tìtorí rẹ̀ jà.

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ Ààrẹ, ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń wò ni bó ṣe le tó, bó ṣe ń pàṣẹ, bí àwọn tó yí i ká ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀. Ìyẹn kò sọ nǹkan kan fún wa nípa ohun tí yóò ṣẹ́kù. Ẹ wo ibi tó gbé iṣẹ́ náà sí, kí ẹ sì wo ọwọ́ ẹni tó fi í lé. Iṣẹ́ tí Ààrẹ bá dì mọ́ ara rẹ̀ máa ń bá a jáde ní Aso Rock ni.

Ìwé àṣẹ: ó yá, kì í sì í pẹ́

Abala 5 Ìwé Òfin 1999 ló fi agbára ìṣàkóso lé Ààrẹ lọ́wọ́. Pẹ̀lú agbára yìí, ó lè kọ̀wé sí mínísítà tàbí sí akápò àgbà ìjọba, kí wọ́n sì ṣe ohun tó ní kí wọ́n ṣe. Wọ́n lè kọ ọ́ láàárọ̀, kó di iṣẹ́ kí oòrùn tó wọ̀. Àléébù rẹ̀ náà nìyẹn: bó ṣe yá láti kọ ló ṣe yá láti fagi lé. Ààrẹ tuntun kò ní láti bẹ ẹnikẹ́ni kó tó ya á.

Síbẹ̀, àwọn ìwé àṣẹ kan wà tí wọ́n pẹ́. Ní oṣù kẹjọ 2015, Buhari pàṣẹ pé kí gbogbo owó tó ń wọlé fún àwọn iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ máa lọ sínú àpò kan ṣoṣo ní Báńkì Àpapọ̀, èyí tí a mọ̀ sí TSA. Wọ́n ti gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ lórí ètò náà lábẹ́ Jonathan ní 2012, àmọ́ àṣẹ 2015 ló mú un kárí. Gbèdéke tí wọ́n fún wọn kò kọjá àárín oṣù kẹsàn-án. Ó dúró nítorí pé Abala 80 Ìwé Òfin ti sọ tẹ́lẹ̀ pé inú àpò gbogboogbò kan ni owó ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ máa wọ̀. Ìwé àṣẹ náà kò dá òfin tuntun sílẹ̀. Ó kàn ní kí wọ́n tẹ̀lé èyí tó wà ni. Nígbà tí wọ́n sì ti pa àwọn àpò tó wà ní báńkì káàkiri dé, tí owó wá ń gba orí ẹ̀rọ kan ṣoṣo kọjá, ọ̀gá iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ padà sí ti àtijọ́ kò lè ṣe é ní kọ̀rọ̀ mọ́.

Ìwé àṣẹ tí kò ní irú ìpìlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lábẹ́ máa ń dojú dé ni. Èyí tó yẹ ká fara balẹ̀ wò ni Àṣẹ Ààrẹ Kẹwàá, tí Buhari buwọ́ lù ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún 2020. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ dára. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ọwọ́ gómìnà ni owó ilé ẹjọ́ àti owó ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ wà. Adájọ́ tó fẹ́ tún òrùlé ilé ẹjọ́ ṣe á lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà gómìnà. Báwo ni irú ilé ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ yóò ṣe dá gómìnà lẹ́bi? Àtúnṣe kan ti wọ inú Ìwé Òfin ní 2018 pé kí wọ́n máa san owó àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ fún wọn tààrà. Ọ̀pọ̀ gómìnà kò ṣe é. Ni Àṣẹ Kẹwàá bá dé: ìpínlẹ̀ tí kò bá san owó yìí, kí akápò àgbà ìjọba àpapọ̀ yọ ọ́ láti orísun nínú owó tí ìpínlẹ̀ náà ń gbà lóṣooṣù.

Ìpínlẹ̀ mẹ́rìndínlógójì pẹjọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejì 2022, mẹ́fà nínú àwọn adájọ́ méje Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé Ààrẹ kọjá àyè rẹ̀, wọ́n sì fagi lé àṣẹ náà. Nàìjíríà kì í ṣe orílẹ̀-èdè tí Ààrẹ ti jẹ́ ọ̀gá gómìnà. Owó tó bá ti di ti ìpínlẹ̀, Ààrẹ kò lè fi ìwé àṣẹ darí rẹ̀, ohun yòówù kó wà lọ́kàn rẹ̀. Láàárín àkókò yẹn, ní 2021, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́, JUSUN, ti yanṣẹ́ lódì fún nǹkan bí oṣù méjì lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Àwọn tí wọn kò tíì dá lẹ́jọ́ wà ní àtìmọ́lé, ẹjọ́ kò lọ síwájú. Ní oṣù kẹta 2023 ni ọ̀rọ̀ náà tún padà sínú Ìwé Òfin, nínú àtúnṣe karùn-ún, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú ti ilé ẹjọ́ àti ti aṣòfin papọ̀. Ọdún márùn-ún ló gbà láti 2018, ọ̀nà àbùjá tó dà bí ẹni pé ó yá jù sì wà lára ohun tó fà á sẹ́yìn.

Òfin, àti bí òfin náà ṣe ń kú

Àbádòfin gbọ́dọ̀ gba kíkà mẹ́ta kọjá nílé méjèèjì. Kíkà àkọ́kọ́ kò ju kíka àkọlé lọ. Kíkà kejì ni àwọn aṣòfin ti ń jiyàn lórí kókó rẹ̀. Bó bá yè é, ó kọjá sọ́wọ́ ìgbìmọ̀, ìgbìmọ̀ á pe ará ìlú àti àwọn tọ́rọ̀ kàn wá sọ tẹnu wọn. Nínú yàrá ìgbìmọ̀ yìí gan-an ni òfin púpọ̀ ti ń sọnù, nítorí kò sí kámẹ́rà níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ sì ni ẹni tí òfin náà yóò ta kò ti ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Lẹ́yìn kíkà kẹta, bí ti ilé méjèèjì kò bá bára mu, ìgbìmọ̀ kékeré kan á mú un ṣọ̀kan, kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́ sí Ààrẹ. Ààrẹ ní ọgbọ̀n ọjọ́. Bó bá kọ̀, àwọn aṣòfin lè fi ìdá méjì nínú mẹ́ta sọ ọ́ di òfin láìsí ìbuwọ́lù rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún Ọbásanjọ́ lórí òfin tó dá NDDC, àjọ ìdàgbàsókè Niger Delta, sílẹ̀ ní 2000. Kì í sábà ṣẹlẹ̀.

Òfin lágbára ju ìwé àṣẹ lọ nítorí pé Ààrẹ kan kò lè dá fagi lé e. Àmọ́ ẹ má ṣe rò pé òfin kò ṣeé wó. Láti 1978 ni a ti ń kọ orin orílẹ̀-èdè tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Arise, O compatriots". Ní oṣù karùn-ún 2024, àbádòfin láti dá orin àtijọ́ padà gba ilé méjèèjì kọjá láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, Ààrẹ Tinubu sì buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 29. Ohun tó ti wà fún ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta lọ ní wéré, nítorí pé kò sí ẹni tí owó oṣù rẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ tàbí iṣẹ́ rẹ̀ so mọ́ orin náà.

Ọ̀nà mìíràn tí òfin ń gbà kú kì í pariwo. Wọn kò ní fagi lé e. Wọn kò kàn ní fún un lówó ni. Tàbí wọn kò ní yan ìgbìmọ̀ tó yẹ kó darí àjọ náà. Tàbí mínísítà kò ní kọ àwọn ìlànà tí òfin ní kó kọ, tí iṣẹ́ kò sì lè bẹ̀rẹ̀ láìsí wọn. Ẹ bá wa fi èyí sọ́kàn: bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá òfin tuntun kan ní ẹ̀mí, ètò ìṣúná ọdún tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ ṣí. Bí orúkọ àjọ náà kò bá sí níbẹ̀, tàbí tó bá jẹ́ owó oṣù nìkan ló wà níwájú rẹ̀, òfin náà ń sùn ni.

Ìwé Òfin: ibi tó le dé, tó sì le jáde

Láti tún Ìwé Òfin ṣe, Abala 9 ń béèrè ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo àwọn ọmọ ilé kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn jẹ́ 73 nínú 109 ní Ilé Aṣòfin Àgbà, àti 240 nínú 360 ní Ilé Aṣojú-ṣòfin. Lẹ́yìn náà, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bó bá kan ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tàbí ìlànà dídá ìpínlẹ̀ sílẹ̀, iye tí wọ́n ń béèrè ní Àbújá tún ga sí i, ó di ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún.

Àwọn ológun kò la irú èyí kọjá. Gowon ló dá ètò agùnbánirọ̀ sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún 1973, ìjọba ológun Ọbásanjọ́ ló gbé Òfin Ìlò Ilẹ̀ jáde ní oṣù kẹta 1978. Àṣẹ ológun lásán ni méjèèjì nígbà náà. Àmọ́ ẹ ṣí Abala 315, ìpín karùn-ún, nínú Ìwé Òfin 1999. Wọ́n dárúkọ òfin mẹ́rin níbẹ̀, NYSC àti Òfin Ìlò Ilẹ̀ wà lára wọn, wọ́n sì sọ pé ẹnikẹ́ni kò lè yí wọn padà àfi bí ẹni ń tún Ìwé Òfin fúnra rẹ̀ ṣe. Ìlà díẹ̀ ni, níparí ìwé, níbi tí ojú kì í sábà dé. Ìdí nìyẹn tí gómìnà fi ṣì ń buwọ́ lu ìwé ilẹ̀ ìdílé yín títí di òní, tó sì jẹ́ pé nígbà tí Ààrẹ Yar'Adua fi àtúnṣe òfin ilẹ̀ sínú kókó méje tó gbé wá, kò ṣeé ṣe. Ìdí kan náà ló fi jẹ́ pé, láti 1996 tí Abacha ti mú un di 36, kò tíì sí ìpínlẹ̀ tuntun kankan. Kálámù ni ológun fi ń dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀. Lábẹ́ Abala 8, ó gba ìbò ará ìlú níbẹ̀, ìfọwọ́sí ìpínlẹ̀ tó pọ̀ jù, àti ti Àbújá.

Nínú ọ̀rọ̀ Ìwé Òfin yìí, àṣìṣe kan wà tó kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Ní 2006, àtúnṣe tó pọ̀ ni wọ́n dì sínú àbá kan ṣoṣo. Èyí tó ní kí Ààrẹ lè lo sáà kẹta wà láàárín wọn. Ní ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún 2006, Ilé Aṣòfin Àgbà da gbogbo ẹrù náà nù, èyí tó dára àti èyí tí kò dára. Ní 2015 náà, inú ẹrù kan ṣoṣo ni àtúnṣe kẹrin wà, Jonathan kò buwọ́ lù ú, gbogbo rẹ̀ bá a lọ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń tú ẹrù náà palẹ̀: àbá kọ̀ọ̀kan dá dúró, ìbò kọ̀ọ̀kan dá dúró. Bẹ́ẹ̀ ni èyí tó dín ọjọ́ orí ẹni tó lè du ipò Ààrẹ kù láti 40 sí 35 ṣe kọjá ní 2018, tí mẹ́rìndínlógún sì kọjá papọ̀ ní 2023, láìjẹ́ pé èyí tó ṣubú fa òmíràn lulẹ̀.

Ẹni tí yóò pariwo bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án

Kí 2004 tó dé, ẹni tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ń gbójú lé ètò ìṣúná. Bí owó bá wà, wọ́n á san. Bí kò bá sí, àwọn bàbá àti ìyá arúgbó á tò sórí ìlà lábẹ́ oòrùn fún àyẹ̀wò lẹ́yìn àyẹ̀wò. Òfin Owó Ìfẹ̀yìntì 2004, lábẹ́ Ọbásanjọ́, yí ìyẹn padà. Òfin 2014, lábẹ́ Jonathan, tún un kọ. Ẹ jẹ́ ká wò ó lórí ìwé owó oṣù kan.

Ká ní owó oṣù gangan, owó ilé àti owó ọkọ̀ òṣìṣẹ́ kan jẹ́ N100,000 lápapọ̀. Wọ́n á yọ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn N8,000. Agbanisíṣẹ́ á fi ìdá 10 kún un láti àpò tirẹ̀, ìyẹn N10,000. N18,000 gbọ́dọ̀ wọ RSA, àpò ìfowópamọ́ ìfẹ̀yìntì tó jẹ́ ti òṣìṣẹ́ náà, lórúkọ rẹ̀, kó tó pé ọjọ́ iṣẹ́ méje tí wọ́n san owó oṣù. Agbanisíṣẹ́ tó bá pẹ́ á san owó ìtanràn tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù lórí gbèsè náà. Iléeṣẹ́ PFA tó ń fi owó náà ṣòwò kọ́ ló ń tọ́jú rẹ̀. Iléeṣẹ́ mìíràn, PFC, ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń pinnu ibi tí owó ń lọ kò lè nawọ́ mú un. Ìyàsọ́tọ̀ yìí, lójú tiwa, ló dáa jù nínú gbogbo òfin náà.

Ààrẹ márùn-ún ti ṣe ìjọba lé e, kò sí ẹni tó wó o. Àwọn òṣìṣẹ́ ń rí iye owó wọn lórí fóònù. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń darí rẹ̀ ń jẹun níbẹ̀. Ìjọba pàápàá ń yá nínú rẹ̀ nípa títa ìwé gbèsè fún àwọn PFA. Ẹni tó bá fẹ́ dá ti àtijọ́ padà yóò bá gbogbo wọn jà lẹ́ẹ̀kan náà.

Síbẹ̀ ó ní ibi tó ń jò. Àwọn tó ti ṣiṣẹ́ kí 2004 tó dé ní ẹ̀tọ́ sí owó àwọn ọdún yẹn, òfin sì ní kí ìjọba máa ya ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ ní Báńkì Àpapọ̀ láti fi san án. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ kò tó. Àwọn kan fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ń retí owó wọn títí. Ní oṣù kejì 2025 ni ìjọba fọwọ́ sí ìwé gbèsè N758 bílíọ̀nù láti fi pa gbèsè náà rẹ́. Ìdí tó fi ń jò níbẹ̀ hàn kedere: ibẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù nínú ètò náà tó ṣì wà lọ́wọ́ ètò ìṣúná. Jíjò kejì ni pé àwọn ológun jáde kúrò nínú rẹ̀ ní 2011, ọlọ́pàá náà sì ń béèrè ìjáde tiwọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti fóònù alágbèéká. Wọ́n ta ìwé àṣẹ iṣẹ́ náà ní gbangba ní oṣù kìíní 2001, ní $285 mílíọ̀nù ọ̀kọ̀ọ̀kan, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní oṣù kẹjọ. Láàárín ọdún díẹ̀ kò sí ẹni tó lè dá wa padà sọ́wọ́ NITEL, iléeṣẹ́ fóònù ìjọba, mọ́.

Fífi agbára sílẹ̀

Èyí ló ṣòro jù fún Ààrẹ, òun náà ló sì máa ń pẹ́ jù. Ní ọjọ́ tí Umaru Yar'Adua búra, 29 oṣù karùn-ún 2007, ó jẹ́wọ́ pé ìbò tó gbé òun wọlé ní àbùkù. Ó yan ìgbìmọ̀ ẹni 22 lábẹ́ Adájọ́ Àgbà tẹ́lẹ̀, Muhammadu Uwais, wọ́n sì fi àbọ̀ jíṣẹ́ ní oṣù kejìlá 2008. Ìgbìmọ̀ náà ní kí ọwọ́ Ààrẹ kúrò nínú yíyan alága INEC, kí ìgbìmọ̀ àwọn adájọ́, NJC, máa wá ẹni tó yẹ. Wọn kò gba ìyẹn. Àmọ́ àtúnṣe àkọ́kọ́ sí Ìwé Òfin, tó kọjá ní 2010, sọ pé kí owó tí INEC fi ń ṣiṣẹ́ máa jáde tààrà láti àpò gbogboogbò, kí wọ́n má ṣe máa dúró de mínísítà kankan. Jonathan yan Attahiru Jega ní oṣù kẹfà ọdún yẹn. Ní 2015, àjọ tí owó rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ Ààrẹ mọ́ kéde pé Ààrẹ pàdánù: 15,424,921 sí 12,853,162. Jonathan fi fóònù kí Buhari kí wọ́n tó parí kíkéde.

Ẹ fi INEC wé EFCC, kí ẹ rí ohun tí ìlà kan nínú òfin lè ṣe. Láti yọ alága INEC, Abala 157 ní kí ìdá méjì nínú mẹ́ta Ilé Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí i. Láti yọ alága EFCC, Òfin 2004 fi í sọ́wọ́ Ààrẹ nìkan. Jega lo ọdún márùn-ún rẹ̀ pé. Mahmood Yakubu lo sáà méjì, 2015 sí 2025. Ní EFCC, 2011, 2015, 2020, 2023: lọ́dọọdún yìí, Ààrẹ pààrọ̀ ẹni tó wà níbẹ̀ tàbí kó dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó mọ̀ pé kálámù kan ṣoṣo lè lé òun lọ sílé kò ní ṣiṣẹ́ bí ẹni tó mọ̀ pé ó gba sẹ́nétọ̀ 73.

Àjọ tó dá dúró náà ṣì nílò òfin lẹ́yìn. Jega mú ẹ̀rọ tó ń ka káàdì ìdìbò wá ní 2015, ṣùgbọ́n Òfin Ìdìbò 2010 kò dárúkọ rẹ̀. Ní 2016, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé ẹ̀rọ náà kò lè borí ìwé orúkọ àwọn olùdìbò. Buhari kọ̀ láti buwọ́ lu àtúnṣe Òfin Ìdìbò ní 2018, ó tún kọ̀ ọ́ ní oṣù kejìlá 2021 nítorí ọ̀rọ̀ ìdìbò abẹ́nú tààrà, ó wá buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 25 oṣù kejì 2022. Òfin 2022 náà tún ní kí owó ìbò gbogboogbò dé ọwọ́ INEC ní ó kéré tán ọdún kan ṣáájú ìbò.

Wíwó náà ní ọ̀nà tirẹ̀

Ní ọjọ́ kìíní 2012, owó jálá epo kúrò ní N65, ó di N141. Ìyanṣẹ́lódì bẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 16 oṣù náà, ìjọba gbà, owó jálá kan di N97. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, Tinubu sọ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Ìyà rẹ̀ jẹ ará ìlú gidigidi, a kò sì gbọ́dọ̀ fojú kékeré wò ó, àmọ́ wọn kò dá a padà bíi ti 2012. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ló ṣe é. Òfin Epo Rọ̀bì 2021 ti fi iye epo sílẹ̀ fún ọjà, ètò ìṣúná 2023 tí Buhari fi sílẹ̀ kò sì ní owó ìrànwọ́ nínú kọjá oṣù kẹfà. Ilẹ̀ ti gbẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó jáde.

Ẹ fi ìyẹn wé ìròyìn ìgbìmọ̀ Oronsaye lórí dídín àjọ ìjọba kù. Ìgbìmọ̀ náà ka àjọ ìjọba àpapọ̀ 541, ó ní kí wọ́n dín 263 tí òfin dá sílẹ̀ kù sí 161. Oṣù kẹrin 2012 nìyẹn. Ìjọba mẹ́ta ti gbà á lẹ́nu, títí kan ìpinnu oṣù kejì 2024. Iṣẹ́ kò yá, nítorí pé òfin ló bí púpọ̀ nínú àwọn àjọ náà, òfin mìíràn ló sì gbọ́dọ̀ sin wọ́n, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ wọn lẹ́nu ọ̀nà Ilé Aṣòfin.

Iná Ekiti, iná Oǹdó

Ọ̀kan lára àtúnṣe mẹ́rìndínlógún 2023 ni èyí tó fún ìpínlẹ̀ láàyè láti pèsè, gbé kiri àti pín iná mànàmáná, kódà níbi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ dé. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, Tinubu buwọ́ lu Òfin Iná Mànàmáná 2023, èyí tó to ìgbésẹ̀ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ìpínlẹ̀ á kọ́kọ́ ṣe òfin iná tirẹ̀, á fi ìwé tó NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàbójútó iná, létí, NERC á ṣètò ìfàléni-lọ́wọ́ láàárín ọjọ́ 45, gbogbo rẹ̀ á sì parí láàárín oṣù mẹ́fà. Ekiti, Oǹdó àti Enugu wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á, ní oṣù kẹrin 2024. Èkó àti Ọ̀yọ́ tẹ̀ lé e. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú wọn ti ní àjọ tirẹ̀ tó ń fún iléeṣẹ́ láṣẹ, tó ń sọ iye tí wọ́n lè gbà lórí yúnìtì kan, tó sì lè bá iléeṣẹ́ apíniná wí láìlọ sí Àbújá.

Iná kò tíì dúró ṣinṣin níbẹ̀. Ẹ̀rọ ń bàjẹ́, gbèsè wà, àwọn ìpínlẹ̀ kan kò sì ní òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ náà tó. Ṣùgbọ́n bí Ààrẹ kan lọ́la bá fẹ́ gba iná padà sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, yóò wá sẹ́nétọ̀ 73 àti aṣojú 240, lẹ́yìn èyí yóò lọ bá ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24, kó sọ fún wọn pé kí wọ́n fọwọ́ ara wọn dá ohun tó ti wà lọ́wọ́ wọn padà fún òun.